Bí A Ṣe Ń Gbé Pákó Gbọọrọ Sípò Kí Ó Lè Ru Ẹrù

Pákó tí yóò nà láti ògiri kan dé èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí fọ́nrán rẹ̀ lọ tààrà lóòró, nítorí pé igi tí fọ́nrán rẹ̀ dábùú máa ń tètè ṣẹ́. Ẹ yẹra fún kókó ńlá ní ìsàlẹ̀ àárín rẹ̀. Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù lọ ni pé kí ẹ gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́: bí gíga rẹ̀ bá di ìlọ́po 2, ẹrù tí yóò lè rù kí ó tó ṣẹ́ yóò di ìlọ́po 4, nígbà tí ìlọ́po 2 ní fífẹ̀ yóò mú ìlọ́po 2 péré wá. Ẹ jẹ́ kí igi gbẹ kí ẹ tó kàn án, nítorí pé níbùú ni ó ti ń sún kì jù.