Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ bá ń wá ìran òyìnbó yín, látẹnu ẹni tó ti ṣe é

Ọmọ Bolton ní England nìyàwó mi. Ọdún tí wọ́n fún ọmọ wa ní homework pé kó wádìí ìran ẹ̀, tèmi ò le rárá, mo pe màmá mi n'Íjẹ̀bú-Igbó lórí WhatsApp, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì wá lọ, data ló tán, oríkì ò tán. Ó wá ku tìyàwó mi. Wọ́n ní ìyá-ńlá wọn kan wà láyé ọjọ́un tó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rànwú, ẹ jẹ́ ká kàn máa pè é ní Mary, mo ní kí ló le ńbẹ̀, ṣebí íntánẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ̀yin èèyàn mi, oṣù mẹ́jọ ni mo fi tẹ̀lé Mary ẹlòmíì dé Shropshire.

Àṣìṣe tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn jù nìyẹn, kéèyàn rí orúkọ tó jọra kó sì gbé e. Orúkọ òyìnbó ayé àtijọ́ ò pọ̀ o, Mary, John, William, Elizabeth, Thomas, wọ́n kàn ń pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni, ogún Mary tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà lè wà nílùú kan. Mo rí ọ̀kan tọ́dún ẹ̀ bá tiwa mu lórí FreeBMD, ìkànnì ọ̀fẹ́ tó da àkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú kọ, mo sanwó sátífíkéètì ìbí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìgbà tó dé, àgbẹ̀ ni bàbá ẹ̀, bẹ́ẹ̀ awakùsà là ń wá, mo wá ń parọ́ fún ara mi pé bóyá ó pààrọ̀ iṣẹ́ ni. Ẹ má sanwó kankan tẹ́ ò bá tíì wo index, ìyẹn ìwé atọ́ka orúkọ, tí General Register Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ìbí àti ikú ní England àti Wales, fúnra wọn gbé síta, ọ̀fẹ́ ni wíwò ẹ̀, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ ni. Ohun tó fi dáa ni pé láti 1837 ló ti kọ orúkọ ilé bàbá ìyá ọmọ sí i, àmọ́ index àtijọ́ tí FreeBMD dà kọ, July 1911 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ilé bàbá ìyá, ogún Mary yẹn á di méjì tàbí ẹyọ kan.

Kẹ́ ẹ sì tún rántí pé ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ọmọ sílẹ̀ ni index yẹn ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Ọjọ́ 42 ni òfin fún òbí, nítorí náà ọmọ tí wọ́n kọ sí March quarter 1870 (January sí March) lè jẹ́ ọmọ December 1869. Ìrìbọmi náà ńkọ́? Àwọn kan máa ń kó ọmọ mẹ́rin lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, èyí àgbà ti ń sáré kiri.

Ẹ jẹ́ n wá sórí ìkànìyàn, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣe é, èyí tó kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo èèyàn káàkiri ni ti 1841, àmọ́ ẹ má fi ọjọ́ orí inú ẹ̀ búra. Wọ́n ní kí wọ́n máa gé ọjọ́ orí ẹni tó bá ti ju 15 lọ wálẹ̀ sí márùn-ún márùn-ún, ẹni ọdún 39 di 35, ẹ wá ń bá ẹni tí wọ́n bí ní 1806 kiri. Kò sì sọ ẹni tó bí ta ni, 1851 ni wọ́n tó fi ìyẹn kún un. Orúkọ ńkọ́? Ohun tétí akọ̀wé bá gbọ́ ló kọ, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́ fún ò mọ̀wé, X ni wọ́n ń fi ṣe signature. Ẹ ò rí ohun tí wọ́n ń fi orúkọ tiwa ṣe títí dòní tí wọ́n bá ń pè wá ní hospital? Àwọn ọmọ ilé náà jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń wá orúkọ lórí ìkànnì, ẹ máa fi àmì ìràwọ̀ (*) dípò lẹ́tà tó bá rú yín lójú, kẹ́ ẹ sì ṣí àwòrán ìwé gangan, ẹ má dúró sórí èyí tẹ́lòmíì tẹ̀.

Mo mọ ẹnì kan tó wá ìkànìyàn 1931 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ti England àti Wales ti jóná ní 1942. Wọn ò tiẹ̀ ṣe ti 1941 rárá, ogun ń lọ lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní 1921, 1939 Register ló kàn, ìyẹn orúkọ àwọn aráàlú tí ìjọba kọ sílẹ̀ nígbà tógun bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì rí ìlà dúdú níbẹ̀, wọ́n bo ẹni yẹn torí ó ṣeé ṣe kó ṣì wà láyé.

Scotland kì í ṣe England o! 1855 ni ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú lọ́dọ̀ ìjọba tiwọn bẹ̀rẹ̀, ìkànnì ScotlandsPeople ni wọ́n ń lò, ìwé ikú wọn sì máa ń kọ orúkọ bàbá àti ìyá òkú, mo jowú wọn. Ti Ireland, iná 1922 ní Dublin jẹ púpọ̀ nínú ìwé wọn, àmọ́ ìkànìyàn 1901 àti 1911 wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ewé kékeré tí Ancestry, ìkànnì olówó tí wọ́n fi ń wá ìran, máa ń fi hàn yín pé ó rí nǹkan yẹn, ẹ má kàn máa tẹ accept, accept. Mo ti rí ìyá tó bímọ lọ́mọ ọdún méje lórí family tree àwọn èèyàn, mo ti rí ọmọ tó dàgbà ju bàbá ẹ̀ lọ. Tí ọgọ́ta èèyàn bá kọ nǹkan kan náà, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni gbogbo wọn ti lè jí i wò. Kẹ́ ẹ tó sanwó oṣooṣù náà, ẹ béèrè ní láíbìrì àdúgbò yín, ọ̀pọ̀ wọn ló ní in lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń ta àmì ìdílé (coat of arms) fún orúkọ yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, ẹnì kan àti ìran ẹ̀ ni wọ́n ń fún ní nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Smith.

Ẹ má sì rò pé òyìnbó nìkan ló wà nínú ìwé wọn. Bàbá yín tó wọkọ̀ ojú omi Aureol láti Èkó dé Liverpool láàárín 1951 sí 1960, orúkọ ẹ̀ yẹ kó wà nínú àwọn ìwé èrò ọkọ̀ tó wà ní National Archives, ibi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí, ní Kew ní London, 1960 ló parí sí. Bí wọ́n bá ba orúkọ jẹ́, ẹ fi orúkọ ọkọ̀ àti ọdún wá a.

Mary wa ńkọ́? Ìyá ìyàwó mi ní ẹ̀gbọ́n kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún, mi ò lọ bá wọn tẹ́lẹ̀, mo rò pé wọ́n ti gbàgbé. Tíì la jọ ń mu, wọ́n dìde, wọ́n mú Bíbélì kan jáde, Mary wà lójú ewé àkọ́kọ́ pẹ̀lú orúkọ bàbá tí mi ò gbọ́ rí. Èyí tí mo ń lé kiri fóṣù mẹ́jọ, orúkọ ọkọ ẹ̀ ni.