Bí control yín bá ń ṣiṣẹ́ nínú ètò, tí Visual Studio sì kọ̀ ọ́

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tú kóòdù tí kò lẹ́bi. Mo ṣe control kan, ìyẹn ohun tí a ń gbé sórí fọ́ọ̀mù bíi bọ́tìnì, fún Windows Forms (ohun èlò Microsoft fún ṣíṣe ojú ètò) lórí .NET Framework: mítà tó ní abẹ́rẹ́ tó ń yí. C# ni mo fi ya ojú mítà náà, nínú DLL kan (fáìlì kóòdù tí ètò máa ń gbé wọlé), Mita.dll. Ìṣirò tó ń yí abẹ́rẹ́ wà nínú DLL kejì, Abere.dll, tí mo fi C++ kọ. Mo ti fi fódà rẹ̀ sínú PATH (àwọn fódà tí Windows ń wá DLL sí) kí designer, ibi tí a ti ń to fọ́ọ̀mù nínú Visual Studio, lè rí i, nítorí bí kò bá rí i rárá, DllNotFoundException lẹ ó rí. Bí ètò bá ń lọ, abẹ́rẹ́ ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí fọ́ọ̀mù yẹn nínú designer Visual Studio 2022, BadImageFormatException ló ń yọjú, pẹ̀lú nọ́ńbà 0x8007000B.

Ìbéèrè tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ara mi ni pé: ta ló ń gbé control yìí wọlé? Nígbà tí ètò bá ń lọ, ètò yín ni. Nínú designer, devenv.exe ni, ìyẹn Visual Studio fúnra rẹ̀. Bítì 32 ni devenv.exe títí dé Visual Studio 2019. 2022 ló kọ́kọ́ di bítì 64. Ètò bítì 64 kì í gbé DLL C++ tó jẹ́ bítì 32 wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ti 32 kì í gba ti 64. Ètò tèmi jẹ́ x86, ìyẹn bítì 32, ìdí nìyẹn tí òun àti DLL C++ fi ń gbọ́ ara wọn yé. Bó bá jẹ́ .NET 5 sókè lẹ ń lò, DesignToolsServer.exe ló ń gbé control wọlé, òun ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ẹ ṣí Developer Command Prompt, kí ẹ tẹ ìwọ̀nyí:

dumpbin /headers Abere.dll
corflags Mita.dll

Dumpbin yóò sọ "14C machine (x86)" fún bítì 32, tàbí "8664 machine (x64)" fún bítì 64. Ẹ fi mọ sórí DLL C++ nìkan. Ibí gan-an ni mo ti kọsẹ̀: mo lò ó fún DLL C#, mo rí x86, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí kò bàjẹ́. DLL C# tí wọ́n compile sí Any CPU máa ń fi 14C hàn, bẹ́ẹ̀ ibi gbogbo ló ti ń ṣiṣẹ́. Corflags ló mọ ìyàtọ̀. PE32 tí 32BITREQ rẹ̀ jẹ́ 0, Any CPU nìyẹn, kò lẹ́bi. PE32 tí 32BITREQ rẹ̀ jẹ́ 1, x86 pọ́ńbélé. PE32+, bítì 64 ni.

Bó bá jẹ́ DLL C# ló jẹ̀bi, ẹ yí Platform target rẹ̀ sí Any CPU, ẹ pa fódà bin àti obj rẹ́, kí ẹ compile lọ́tun. Ó tán. Bó bá jẹ́ ti C++, Any CPU kò ní wò ó sàn. Ẹ lè compile C++ náà lọ́nà méjèèjì, àmọ́ lójú tèmi, designer kò nílò ìṣirò yẹn rárá. Kí abẹ́rẹ́ dúró sórí òdo ti tó fún ẹni tó ń to fọ́ọ̀mù. Nínú constructor (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá dá control sílẹ̀), níbi tí BereAbere() ti ń pe DLL C++:

designer = LicenseManager.UsageMode == LicenseUsageMode.Designtime;
if (!designer) BereAbere();

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo DesignMode, èyí tó yẹ kó sọ bóyá inú designer la wà, níbẹ̀. Constructor ti ń ṣiṣẹ́ kí Visual Studio tó so Site (ohun tó so control pọ̀ mọ́ designer) mọ́ control, nítorí náà false ni DesignMode yóò sọ. Bí control bá tún wà nínú UserControl mìíràn, DesignMode ṣì lè parọ́ fún yín lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi tọ́jú ìdáhùn sínú variable tó ń jẹ́ designer, tí OnPaint, kóòdù tó ń yàwòrán control, náà ń wò ó kó tó yí abẹ́rẹ́.

Bí nọ́ńbà tí ẹ rí bá jẹ́ 0x80131040, ọ̀rọ̀ bítì kọ́ o. Ẹ̀dà DLL tí wọ́n rí kọ́ ni èyí tí control béèrè. Ẹ lọ wo References. Bó bá sì jẹ́ extension (àfikún sí Visual Studio) lẹ ṣe, tí 2022 kò gbà á, ẹ wo fáìlì vsixmanifest rẹ̀: [16.0,17.0) kò dé 2022, nítorí 17.0 ni tirẹ̀, àkámọ́ ")" sì yọ 17.0 sílẹ̀. ProductArchitecture sì gbọ́dọ̀ jẹ́ amd64.

Bí gbogbo èyí kò bá tú u, ẹ ṣí Visual Studio kejì, ẹ fi project control sínú rẹ̀, ẹ lọ sí Debug, Attach to Process, kí ẹ mú devenv.exe ti àkọ́kọ́. Ẹ fi breakpoint (àmì tó ń dá kóòdù dúró) sí ìlà àkọ́kọ́ nínú constructor, kí ẹ wá padà lọ ṣí fọ́ọ̀mù. Ẹ máa tẹ F10 díẹ̀díẹ̀. Ìlà BereAbere() ni tèmi kú sí. Kò tilẹ̀ dé orí ìlà kankan tó ń yàwòrán.