Ẹ Má Tètè Gbà Kí Wọ́n Ki Rọ́bà Bọ Iṣan Ọkàn

Bí àyà bá ń dun èèyàn lemọ́lemọ́, àwọn ará ilé á ní kí dókítà kúkú wo inú ọkàn náà, kí ara gbogbo wọn lè balẹ̀. Àyẹ̀wò ańjíógíráàmù ni wọ́n ń béèrè: wọ́n á ki rọ́bà tín-ín-rín gba iṣan ọrùn ọwọ́ tàbí itan dé ọkàn, wọ́n á fún oògùn sí i, wọ́n á sì fi X-ray wo ibi tí iṣan ti há. Àyẹ̀wò gidi ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é láìnídìí. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tó jáde ní 2010 wo àwọn èèyàn tó tó 400,000 tí kò lárùn iṣan ọkàn tẹ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá ìdènà gidi lára wọn kò pé 38 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìrora tó dé lójijì, tó ń tẹ àyà mọ́lẹ̀, tó ń mú òógùn tútù wá, kò sí lára ohun tí mò ń sọ. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Ẹ má fo ìbéèrè. Ṣé iṣẹ́ tàbí rírìn ló ń fa ìrora náà? Ṣé ìsinmi ń lé e lọ? Èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tẹ àyà ló ń dùn, kì í sábà jẹ́ ti ọkàn.

Àṣìṣe tó burú jù ni fífo CT, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya àwòrán iṣan ọkàn láti ìta, láìsí pé wọ́n ki rọ́bà dé ọkàn. Ìwádìí DISCHARGE ti 2022 kó èèyàn 3,561 jọ ní orílẹ̀-èdè 16 ní Yúróòpù. Rọ́bà ni wọ́n tilẹ̀ ti ní kí gbogbo wọn lọ ṣe. Wọ́n ṣe CT fún apá kan ṣáájú, wọ́n sì ṣe rọ́bà fún apá kejì. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta ààbọ̀, ikú àrùn ọkàn, ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín wọn. Àmọ́ jàǹbá ńlá tí àyẹ̀wò àti iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e fà jẹ́ 1.9 nínú ọgọ́rùn-ún lápá rọ́bà, 0.5 péré lápá CT. (CT kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́ lójú bí kálísíọ̀mù bá ti dì mọ́ iṣan, tàbí bí ọkàn bá ń lù ségesège.)

Bí wọ́n bá sì rí ibi tó há, ẹ má rò pé dandan ni kí wọ́n fi irin kékeré (stent) là á. Nínú ìwádìí ISCHEMIA, 2020, fún àwọn tí àrùn wọn dúró sójú kan, rọ́bà àti iṣẹ́ abẹ kò dín ikú kù ju oògùn lọ. Àmọ́ rọ́bà àti iṣẹ́ abẹ náà dín ìrora kù fún ẹni tó ń jẹ̀rora léraléra, ìdí gúnmọ́ nìyẹn láti ṣe é.

Àbájáde tó mọ́ kò sì ní kí ẹ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tí rọ́bà kò lè fi hàn náà lè máa fa ìrora. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà.