Ẹ wo ara báà ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó ra ṣéènì

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Òjò ti sọ fúláwà ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì di igbó l'Abuja níbí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ti ń nu ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àdá tàbí sísọ́ọ̀sì gígùn gé ẹ̀ka wẹ́wẹ́. Ìdí igi tó ti le nìkan ni kẹ́ ẹ fi ayùn gé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ṣéènì ayùn, ìyẹn ẹ̀wọ̀n eléyín tó ń yí po báà (irin pẹlẹbẹ gígùn iwájú ayùn), ẹ má kàn sọ gígùn báà pé "íǹṣì 14" o. Bí eyín ṣe jìnnà síra, bí eyín ìsàlẹ̀ tó ń wọ kòtò báà ṣe nípọn, àti iye eyín ìsàlẹ̀ ọ̀hún, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá báà mu. Eyín ìsàlẹ̀ tó nípọn tó íǹṣì 0.050 kò ní wọ kòtò tó fẹ̀ tó íǹṣì 0.043 láéláé. Wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà yìí sára báà, lápá ẹ́ńjìnnì. Ẹ nu ọ́ìlì ibẹ̀, ẹ ó rí i. Tó bá ti pa rẹ́, ẹ gbé báà àti ṣéènì àtijọ́ dání lọ sọ́jà.

Ní ti ààbò, góògù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ra. Oje funfun inú igi oró tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà lókè ọya níbí lè ba ojú jẹ́. Ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì bo etí. Jíìnsì lásán kò lè dá ṣéènì dúró. Ṣòkòtò tí wọ́n dìídì ṣe fún un ní òwú gígùn nínú tó máa ń há ṣéènì. Èyí tó ti ya lọ́jà òkìrìkà, ẹ má rà á. Kaftan ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ di Jímọ́ọ̀.

Ẹ má gbé ayùn kọjá èjìká o.