Géèmù ẹja tí wọ́n fẹ́ gba owó lé lórí lẹ́ẹ̀mejì

₦45,000 ni mo san nígbà họ́lídé gígùn, ní Ẹ̀pẹ́ níbí, fún ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ọmọ mi yóò mọ géèmù ṣe. Nígbà tó parí, wọ́n fún un ní sátífíkéètì tí wọ́n fi ọ̀rá bò, àti ìwé ìléwọ́ fọtokópì kan tí apá kan rẹ̀ ò ṣeé kà. Géèmù ńkọ́? Ológbò aláwọ̀ ọsàn kan tó ń rìn lọ, tó ń rìn bọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé ọ̀fẹ́ ni Scratch tí wọ́n fi kọ́ ọ, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí ọmọdé fi ń to àṣẹ pọ̀ bíi búlọ́ọ̀kù láti ṣe géèmù. Yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà ló ṣe é, láti 2007 ló sì ti wà fún tẹrútọmọ láìgba kọ́bọ̀. Èyí tí èèyàn lè gbà sórí láptọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀kan, tí kò ní jẹ dátà mọ́, wà pẹ̀lú. Wọn ò sọ fún wa. "Mà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń ṣiṣẹ́," ni wọ́n ń wí, èmi náà ń ra dátà.

Mo ní kí ọmọ jókòó ká jọ ṣe é. Tẹ́lọ̀ ni mí o, mi ò kọ́ kọ̀ǹpútà níbì kankan. A gbà á sórí láptọ́ọ̀pù bàbá rẹ̀, a ya ọ̀sà, a ya ọkọ̀ ojú omi, a ya èpìyà àti ojú oró. Ìyẹn ò le rárá. Ibi tí a óò gbé nǹkan sí gan-an ò dà mí láàmú, nítorí bí ìgbà téèyàn ń wọn aṣọ ni: òdo wà láàárín, ọ̀tún parí sí 240, òsì sí -240, òkè sí 180, ìsàlẹ̀ sí -180. Ẹja àti ojú oró ń já bọ̀ látòkè. Ọkọ̀ kan ẹja, pọ́íǹtì kan wọlé. Ó kan ojú oró, ẹ̀mí kan lọ nínú mẹ́ta.

Àṣé a ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ fara kan ojú oró ẹyọ kan péré, géèmù parí ká tó ṣẹ́jú. Ẹ̀mí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ! A tún un ṣe, a pa ẹja kan, pọ́íǹtì fò sí 17. "Mọ́mì, mo ti gba 17!" Inú ọmọ ń dùn, inú ń bí mi. Ẹja kan ṣoṣo, 17?

Ohun tó wà nínú ìwé ìléwọ́ wọn náà la ṣe: búlọ́ọ̀kù "if" (bí) tó ní "touching" (ó ń fara kan) nínú, kó wà nínú "forever" (máa ṣe é lọ láìdúró), kí "change score by 1" (fi ẹyọ kan kún pọ́íǹtì) sì wà nínú "if" yẹn. Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí. Mo pe olùkọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, kọ̀ǹpútà yín ló ń sáré jù. Ẹ jẹ́ kó wá ṣe kíláàsì kejì, ₦30,000 ni." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa fóònù. Kọ̀ǹpútà tí kì í tètè tàn láàárọ̀ ni wọ́n ní ó ń sáré jù.

Ọmọ ló ní ká fi "wait 1 seconds" sábẹ́ pọ́íǹtì, ká lè máa wò ó díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ lojú mi ti là. Bí ẹja bá ṣì wà lára ọkọ̀, nọ́ńbà ń gòkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Forever" ò mọ̀ pé òun ti ka ẹja yẹn tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè kan náà ló ń bi ní nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: ṣé wọ́n fara kanra? Bí wọ́n bá fara kanra fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, pọ́íǹtì 15 nìyẹn. Ẹ̀mí mẹ́ta ò sì lè pẹ́ lójú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ti ẹja rọrùn: bí pọ́íǹtì bá ti wọlé, "delete this clone" (pa ẹ̀dà yìí rẹ́) tẹ̀ lé e, ẹja lọ; clone ni ẹ̀dà àwòrán kan tí géèmù ń ṣe jáde. Ojú oró ni a ò fẹ́ kó pòórá, nítorí ojú oró wa kì í pòórá, ẹ bi àwọn tó ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀sà. A fi "wait until" síbẹ̀, a ki "not" aláwọ̀ ewé bọ inú rẹ̀, a ki "touching" bọ inú "not": kó dúró títí wọn ò fi ní kanra mọ́ kó tó tún kà. Ló bá tún gan mọ́ abẹ́ ọkọ̀, kò já bọ̀ mọ́! Inú "forever" kan náà ni jíjábọ̀ rẹ̀ wà, òun náà sì ń dúró. A yọ jíjábọ̀ kúrò, a fi "when I start as a clone" (nígbà tí ẹ̀dà bá bẹ̀rẹ̀) mìíràn sí orí rẹ̀, kí oníkálukú máa ṣe tirẹ̀. Mo pariwo débi pé bàbá ọmọ jáde wá wò wá.

Àbúrò mi l'Ìkoròdú ti gbé e lọ lórí fláàṣì, àwọn ọmọ rẹ̀ ò jẹ́ kó rí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lò mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba èyí tí kì í jẹ dátà. Tí ẹja yín bá ṣàdédé ṣíwọ́ jíjáde, ẹ wo ìsàlẹ̀: 300 clone ni Scratch gbà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ti kọjá lọ ló kún ibẹ̀. Kí gbogbo èyí tí y rẹ̀ (nọ́ńbà òkè sí ìsàlẹ̀) bá ti kéré sí -170 pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ má dúró de -180, torí Scratch kì í jẹ́ kí nǹkan jáde tán lójú pátákó, ẹja kékeré sì lè má kọjá ibẹ̀ rárá.