Ìgbà tó yẹ kí ẹ yọ manifold sàláńsà, kí ẹ sì fi header sí ọkọ̀ eré

Manifold ni irin tó ń kó èéfín jọ láti inú àwọn sílíńdà ẹ́ńjìnnì; header ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àmọ́ páìpù tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó ra header, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ibi tí èéfín ń gbà jáde gan-an ló ń dí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ kan camshaft (irin tó ń ṣí fáàfù), tọ́ọ̀pù sílíńdà tàbí ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, agbára tí header máa fi kún un kò ní tó nǹkan. Ariwo lẹ máa gbọ́ jù. Táyà àti bíréèkì ni kí ẹ náwó lé ná.

Ìgbà tó tó ni ìgbà tí camshaft tó ń ṣí fáàfù pẹ́ bá ti wọlé, tí ẹ́ńjìnnì sì ń rẹ̀ nígbà tó yẹ kó sáré jù. Ìdí mìíràn ni manifold tó ti sán. Ẹ tẹ́tí sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù: á máa dún tẹ́-tẹ́-tẹ́, bí irin bá sì ti gbóná tó wú, ojú ibi tó sán á pa dé, ohùn náà á lọ sílẹ̀. Ẹ tan iná sí ẹ̀gbẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí èédú dúdú níbi tí èéfín ti ń jò. Bí owó manifold tuntun bá ti sún mọ́ ti header, ẹ kúkú fi header sí i. Ní ti ọkọ̀ tó ní turbo (ẹ̀rọ tó ń fi agbára èéfín ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì), páìpù tó jáde lára turbo ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Páìpù tó fẹ̀ jù ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Èéfín á máa falẹ̀ nínú rẹ̀, kò ní lè fa ti sílíńdà tó kàn jáde, ọkọ̀ á sì wúwo nígbà tó bá ń gbéra. Fún V8 (ẹ́ńjìnnì sílíńdà 8) lítà 5 sí 6 tó ń rin títì, páìpù tó fẹ̀ tó íǹṣì 1¾ dára. 1⅞ wà fún èyí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ sí gan-an. Nínú ẹ́ńjìnnì sílíńdà 4, irú 4-2-1 (páìpù mẹ́rin tó di méjì kó tó di ọ̀kan) ń fún yín lágbára nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí níwọ̀nba, 4-1 (mẹ́rin tó di ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà) ń fún yín lágbára nígbà tó bá ń yí gan-an.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ yọ orí bátìrì. Ẹ ti fi epo tó ń tú ìpata sí àwọn nọ́ọ̀tì láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ má fipá tú wọn, torí stud (irin tí nọ́ọ̀tì ń wé mọ́) tó bá kán sínú tọ́ọ̀pù di iṣẹ́ lílu ihò. Ẹ ha ojú irin mọ́, ẹ lo gásíkẹ́ẹ̀tì onírin aláwẹ́ púpọ̀. Láti àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dè é lọ sí ẹ̀gbẹ́, nígbà mẹ́ta, títí dé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ. Ẹ jẹ́ kó gbóná, kó tutù pátápátá, kí ẹ tún un dè. Ẹ má jẹ́ kí wáyà plọ́ọ̀gì kankan kàn án.

Bí ó bá ń jò níwájú oxygen sensor (ohun tó ń wọn atẹ́gùn ọ́síjìn inú èéfín fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀), atẹ́gùn ìta á wọlé, kọ̀ǹpútà á rò pé epo kò tó, á sì máa rọ epo sí i. Ẹ wá ibi tó ń jò kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kọ̀ǹpútà náà ṣètò. Header gígùn sábà máa ń béèrè wáyà sensor tó gùn sí i, ó sì máa ń sún catalyst (ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́) kúrò níbi tó wà. Yíyọ catalyst sì lòdì sí òfin títì ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Irin lásán tí ẹ bá fi aṣọ agbóná wé máa ń mu omi, á sì tètè dípẹtà. Stainless 304 tàbí ọ̀dà seramic ló dára jù.