Bí Àgbẹ̀ Ẹ̀fọ́ Ṣe Lè Pín Omi Odò Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn ní Òṣogbo

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú létí àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ sínú Odò Ọ̀ṣun, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí omi bá fà kí ẹ tó ṣe àdéhùn. Oṣù kọkànlá, tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ló yẹ kí ẹ pàdé.

Ẹ kọ́kọ́ wọn omi náà. Ẹ gbé ike oní-lítà 20 sí ẹnu páìpù tó gba omi wọ oko. Bí ó bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 40, a jẹ́ pé lítà 1,800 ni ẹ ó máa rí ní wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ebè pẹrẹsẹ tí a ń gbin ẹ̀fọ́ sí, tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lè gba nǹkan bíi lítà 50 lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà omi wákàtí kan yóò tó bẹ́ẹ̀dì 36.

Iye bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ fi pín wákàtí, kì í ṣe ipò. Lójú tèmi, ẹni tí oko rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá ni kó kọ́kọ́ gba omi, torí òun ni ọ̀dá máa ń kọ́kọ́ bá. Ó máa ń dùn mí láti rí ewédú tó rọ nígbà tí omi ń ṣòfò lókè. Kí ẹni tí gbogbo yín fọkàn tán máa kọ àkókò sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dí odò pa.